Kí ẹ tó sanwó ríǹgì, ẹ tú kabúrétọ̀ wò

Arábìnrin wa, ẹ ní ẹ̀rọ amúnáwá yín, oní 2.5 kVA, kò dáhùn mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti gbé e pamọ́ nígbà òjò, àti pé atúnrọṣe ní kí ẹ mú owó ríǹgì wá, ìyẹn àwọn òrùka irin tó yí písítìn ká nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san án.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí mi n'Ìbàdàn. Iná ọba ń dúró dáadáa lóṣù Òkúdu ọdún náà, mo bá gbé tèmi sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, n kò sì bojú wò ó títí ọyẹ́ fi dé. Mo fa okùn rẹ̀ títí èjìká fi ń ro mí. Wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbowó ríǹgì, pàbó ló já sí. Ọmọṣẹ́ kan ló wá ṣí abọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì. Bẹntiróòlù tó ti sùn síbẹ̀ fún oṣù márùn-ún ti pọ́n, ó ti ki, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi, ó sì ti dí ihò tí epo ń gbà, èyí tí kò ju imú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyọ irun wáyà iná kan àti epo tuntun ló fi là á. Ẹ̀rọ náà dáhùn ní fífà kejì.

Láti ìgbà náà, bí n kò bá ní í lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo máa ń ti ẹnu epo rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó lè jó ìyókù inú kabúrétọ̀ tán, kí ó sì fúnra rẹ̀ kú. Nígbà òjò, mo máa ń da díẹ̀ nínú epo táǹkì sínú ìgò funfun: bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò jókòó sí. Òjò ìbáà rọ̀, ẹ má gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn sójú oorun.

Ọyẹ́ ló ń jẹ ríǹgì ní ti gidi. Eruku rẹ̀ máa ń dí fóòmù tó ń sẹ́ atẹ́gùn, àwọn kan á sì yọ ọ́ sọnù kí ẹ̀rọ lè mí. Iyanrìn ni wọ́n ń bù sínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi ọṣẹ fọ tèmi lásìkò yìí, mo ń sá a síbòóji, mo sì ń fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á kí n tó fún àpọ̀jù rẹ̀ dànù.

Ẹ yẹ ọ́ìlì wò pẹ̀lú, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í tan bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ jù. Bí ọ́ìlì bá pé, tí abọ́ kabúrétọ̀ sì mọ́, ìgbà náà ni kí wọ́n wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀, tó máa ń dín kù bí ríǹgì bá ti jẹ, níṣojú yín kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ríǹgì.