"Tabhair": ibo ni "b" inú ọ̀rọ̀ yìí wọlé sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ọmọ mi tó ń lọ sílé-ìwé ní Dublin gbé iṣẹ́ àṣetiléwá èdè Irish wálé. Mo rí "Tabhair dom é", mo kà á bó ṣe wà níwèé, ni ọmọ bá bú sẹ́rìn-ín. Báwo ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, kí ló túmọ̀ sí, ibo ló sì ti wá?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, màmá. Ta ló kọ́kọ́ rí i tí kò kà á bẹ́ẹ̀?

"Tuu-r" ni. Ẹ fa "u" yẹn gùn. "i" tó ṣáájú "r" kò dún. Ahọ́n ló ń bá sọ̀rọ̀, pé kó gbéra bí ẹni fẹ́ pe "yi" bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń pe "r". Lẹ́nu ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀, "tabhair dom" a di "tuurọm".

"Tabair" ni wọ́n ń kọ láyé àtijọ́. "b" yẹn dún nígbà náà, àmọ́ ètè méjèèjì kì í pàdé tán. Ó ń rọ̀ títí ó fi yọ́ mọ́ fáwẹ̀lì. "H" ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àmì pé ó ti rọ̀. Ṣebí àwa náà sọ òtítọ́ di òótọ́, a sọ egúngún di eégún? Kọ́ńsónáǹtì lọ, fáwẹ̀lì gùn. Àwa kàn ń kọ ohun tí etí gbọ́ ni. Àwọn kò pa tàtijọ́ rẹ́ lójú ìwé.

"Beir", ìyẹn gbé tàbí rù, ni gbòǹgbò rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú "bear" àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti "ferre" èdè Látìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ "fún", tó tún jẹ́ "mú": "Tabhair dom é", fún mi, "Tabhair leat é", mú un dání. Ó wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe 11 tí kì í tẹ̀lé ìlànà, torí náà "thug mé é" ni "mo fi fúnni" tàbí "mo mú un wá". "h" ni wọ́n ń pe "th" yẹn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "tabhair amach". "Síta" ni "amach", ṣùgbọ́n bíbá èèyàn wí ni gbólóhùn náà, ó sì ti wọnú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní Ireland. Bí ọmọ bá dé tó ní "Teacher gave out to me", ẹ má bi í pé kí ni wọ́n pín. Wọ́n bá a wí ni.