Inú Kò Ro Mí Mọ́: Ṣé Mo Lè Dá Oògùn Kòkòrò Inú Dúró?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọjà Ìgbọ́nà ní Òṣogbo ni mo ti ń tajà. Inú ríro ló gbé mi dé ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì rí kòkòrò kan tí wọ́n pè ní Helicobacter pylori. Oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ karùn-ún inú kò ro mí mọ́, oògùn náà sì ń mú ẹnu mi korò. Àrùn jẹjẹrẹ àpòlúkù ló pa bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kòkòrò yìí ló ń fà á. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè dá oògùn náà dúró?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó dá oògùn dúró, kí Ọlọ́run sì tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lò ó títí ọjọ́ mẹ́rìnlá yóò fi pé. Bí inú kò bá ro yín mọ́, ìyẹn kò fi hàn pé kòkòrò ti kú tán, bẹ́ẹ̀ ni inú ríro kọ́ ni olórí ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ tán. Tẹ́lẹ̀, àwọn oníṣègùn gbà pé kò sí kòkòrò tó lè gbé inú àpòlúkù, nítorí omi kíkan tó ń da oúnjẹ níbẹ̀ mú púpọ̀. Ní 1982, Barry Marshall àti Robin Warren, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, rí kòkòrò yìí sìn nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì fi hàn pé òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbẹ́ inú. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2005. Ní 1994, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ.

Ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kó o, láti ara ẹni tó ní in nínú ilé kan náà. Tó bá dé inú àpòlúkù, á tú èròjà kan jáde tó ń pa agbára omi kíkan tó yí i ká, á sì wọ abẹ́ omi yíyọ̀ tó bo ara àpòlúkù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á ya bò ó, ibẹ̀ á pọ́n, á sì wú. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ kò burú bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ díẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ara ń gbà wo ara rẹ̀ sàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kì í sábà kú bí a kò bá lo oògùn; wíwú náà á wà níbẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, àwọn èròjà tí ara ń dà sílẹ̀ láti fi pa kòkòrò á sì máa ba sẹ́ẹ̀lì àpòlúkù fúnra rẹ̀ jẹ́. Àwọn irú kan lára kòkòrò náà tún ń fi èròjà kan tó ń jẹ́ CagA gún sínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń tì í láti dàgbà sódì. Àwọn wọ̀nyí ló léwu jù.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá kú gbọ́dọ̀ ní arọ́pò, arọ́pò náà sì ní láti da gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá inú rẹ̀ kọ. Ẹ mọ àwọn alàdìrẹ ẹlẹ́kọ ìlú wa: ẹni tí a bá ní kó máa ya bátànì kan náà láìsinmi yóò ṣi ìlà kan fà lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá sì ń wo iṣẹ́ rẹ̀ yà yóò ya àṣìṣe náà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ń pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ibi tó ń pèsè omi kíkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ara àpòlúkù á máa jọ ara ìfun, lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò rí bó ṣe yẹ yóò yọjú, jẹjẹrẹ sì lè tẹ̀lé e. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora kankan, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ fi inú ríro díwọ̀n ìwòsàn yín.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn ayé ló ti ní kòkòrò yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì ní jẹjẹrẹ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ní Japan, ilẹ̀ tí jẹjẹrẹ àpòlúkù ti wọ́pọ̀ gan-an, ènìyàn 36 ló ní jẹjẹrẹ náà nínú àwọn 1,246 tó ní kòkòrò náà. Nínú àwọn 280 tí kò ní kòkòrò náà, kò sí ẹyọ kan tó ní jẹjẹrẹ. Sìgá mímu, oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀ àti àrùn náà nínú ẹbí máa ń dá kún ewu. Ti bàbá yín ló mú kí n tẹnu mọ́ ọn fún yín.

Tí ẹ bá dá oògùn dúró lágbede méjì, àwọn kòkòrò tó kù lè di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́. Ẹnu kíkorò á lọ tí oògùn bá parí, ṣùgbọ́n bí ara bá sú tàbí tí ojú bá wú, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, tí oògùn bá ti parí, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe, kí ẹ sì ti dá oògùn tó ń dín omi kíkan kù dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀. Ti èémí tàbí ti ìgbẹ́ ni kí ẹ béèrè fún. Ti ẹ̀jẹ̀ lè máa fi àmì hàn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí kòkòrò ti lọ, ó sì ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán. Ó dùn mí bí àwọn kan ṣe ń jẹ oògùn ẹfun inú, èyí tó ń pa agbára omi kíkan, fún ọ̀pọ̀ ọdún: ó ń tu inú lára, kò sì fọwọ́ kan kòkòrò. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà fún ara ríro náà ń dá ọgbẹ́ sí àpòlúkù, ẹ yẹra fún wọn.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ẹ ń rù láìnídìí, tí oúnjẹ díẹ̀ bá ń yó yín tàbí tí kò gba ọ̀nà ọ̀fun bọ̀rọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Bí a bá pa kòkòrò náà kí ara àpòlúkù tó yí padà, ewu ń dín kù púpọ̀. Bí ó bá ti yí padà, ó lè gba kí dókítà máa fi kámẹ́rà kékeré wo inú yín lóòrèkóòrè. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń padà lọ, ẹ mú èsì àkọ́kọ́ dání, ẹ sọ ọjọ́ orí bàbá nígbà tí àìsàn náà mú wọn, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ bàbá yín pé kí àwọn náà lọ ṣe àyẹ̀wò.