Ohùn Mi Ń Gbọ̀n Níwájú Ọ̀gá

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ṣírò owó nílé-iṣẹ́ kan tó ń ta ohun ìkọ́lé ní Ògo-Olúwa, Òṣogbo níbí. Ìṣirò mi kì í ní àṣìṣe. Àmọ́ tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè tí wọ́n ní kí n ka ìjábọ̀, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, ohùn mi á gbọ̀n, ẹlòmíràn á sì gbà á kà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa fọwọ́ sí ìbàdí bí akíkanjú fún ìṣẹ́jú méjì kí n tó wọlé, pé ọpọlọ mi á yí padà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí pé ẹlòmíràn ló ń ka iṣẹ́ tó o fọwọ́ ara rẹ ṣe.

Ìwádìí kan ní 2010 ló sọ pé ìdúró bẹ́ẹ̀ ń yí họ́mọ̀nù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ ara, padà. Nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò pẹ̀lú 200 ènìyàn, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, họ́mọ̀nù ò yí. Dana Carney, ọ̀kan lára àwọn tó kọ ti àkọ́kọ́, kéde ní 2016 pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́. Má gbára lé e.

Àyà tó ń lù kì í ṣe ẹ̀rí pé o ò mọṣẹ́. Amygdala, ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ, ló ka ojú àwọn ènìyàn sí ewu. Adrenaline, họ́mọ̀nù tó ń múra ara sílẹ̀ de ewu, tú jáde, ọkàn sì ń sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn ṣe ń sáré. Nítorí náà, má wulẹ̀ máa bẹ ara rẹ pé kó rọ̀. Nínú ìwádìí Alison Wood Brooks ti Harvard, ní 2014, àwọn tó sọ ọ́ jáde pé ara àwọn yá gágá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn ṣe dáadáa ju àwọn tó ní ọkàn àwọn balẹ̀ lọ. Sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tó o bá wọ̀ ní Ọláìyá: "Ara mi ti yá!"

Àmọ́ ohun tí ọpọlọ fojú ara rẹ̀ rí ló ń gbà gbọ́ pẹ́. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti kọ ọ́ láti 1977 pé ohun téèyàn fúnra rẹ̀ ti ṣe yọrí ló ń fún un nígboyà jù. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, lọ bá ẹni tó máa ń gbà á kà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi ka gbèsè àwọn oníbàárà lónìí." Ìyẹn nìkan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fi owó sìmẹ́ǹtì kún un. Bí ohùn bá gbọ̀n, kà á lọ bẹ́ẹ̀, kà á dópin. Tó o bá sá, ṣe ni ọpọlọ á gbà pé sísá ló gbà ọ́ là.

Tó o bá ti kà á, kọ̀wé sí mi, kó o sọ ohun tí ọ̀gá bi ọ́, ká lè jọ múra ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.