Kẹ̀kẹ́ Láti London Dé Brighton

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé èmi àti ìyàwó mi lè gun kẹ̀kẹ́ láti London dé Brighton, ká sì padà lọ́jọ́ kan náà?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá máa wọ rélùwéè padà. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 87. Ẹni tí kò lágbára tó ni kó máa ṣáájú.

Ditchling Beacon, òkè kan tó wà lójú ọ̀nà náà, ni wàhálà: òkè ọ̀hún ga tó mítà 248, á sì ti rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún; bí ẹ bá yí i níbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ pẹ́dà tagbáratagbára, ṣéènì lè yọ. Bó bá le jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tì í, àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú túùbù méjì àti pọ́ǹpù dání. Sátidé ló dáa, torí rélùwéè kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká lásìkò tí èrò ń wọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́.