Ẹ má tíì pa ìwé Isabel dé

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìwé kíkà. Ẹ ní ẹ ti ka ìtàn Mma Ramotswe, obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Botswana, títí ẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn tíì rooibos rẹ̀, àmọ́ èyí tí Alexander McCall Smith kọ nípa Isabel Dalhousie kò wọ̀ yín lára rárá. Ẹ ti dé ojú ìwé 40, kò tíì sí ẹnì kan tó gbé iṣẹ́ wá bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lèmi jù ú sílẹ̀, ọdún mẹ́ta ni mo sì fi du ara mi ní ohun tí ì bá ti máa dùn mọ́ mi.

Ìwé kẹrin nínú ọ̀wọ́ ti Isabel ni mo kọ́kọ́ rà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tókunbọ̀ ní Yábàá ni mo ti rí i, orúkọ òǹkọ̀wé ni mo rí tí mo ti sanwó. Mo ṣí i, mo bá ọmọ jòjòló nínú ilé. N kò ní sọ ẹni tó ni ọmọ fún yín, torí ohun tí ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ fi sùúrù hun nìyẹn, èmi sì ti já okùn náà kí n tó mọ̀ pé okùn wà níbẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ ìwé báyìí, ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan lè parí sínú ìwé tirẹ̀, àmọ́ ìgbésí ayé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í parí síbẹ̀. Ti ọdún 2004, èyí àkọ́kọ́, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn pé òun ló wà lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí èmi náà rí i rà, alẹ́ ọjọ́ tí mo parí ọ̀kan nínú ti Mma Ramotswe gan-an ni mo ṣí i. Ibẹ̀ ni mo ti kùnà lẹ́ẹ̀kejì. Etí mi ṣì kún fún Botswana. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ní Mma àti Rra níbẹ̀ kò jìnnà sí bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tí kò bí wa ní màmá àti bàbá, ara sì máa ń tu èèyàn. Ẹ rántí pé màlúù tí Obed bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni Mma Ramotswe tà kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí ẹsẹ̀ òkè Kgale, tí àwọn èèyàn fi ń gbé ìṣòro wọn wá bá a. Edinburgh ní Scotland ni Isabel ń gbé ní tirẹ̀, ó jogún owó, ó ń ṣe olóòtú ìwé àtìgbàdégbà kan lórí ohun tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ wá fún un, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má retí rẹ̀ mọ́.

Ẹ padà síbi tí Isabel ti wà ní Usher Hall, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọrin ní Edinburgh. Orin ti parí, ó sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó já bọ́ láti ìjókòó òkè pátápátá. Kò mọ̀ ọ́n rí. Àmọ́ ó ń rò ó pé bóyá òun ni ẹni ìkẹyìn tí ọmọ náà rí láyé, ìyẹn kò sì jẹ́ kó lè jókòó sílé. Ìbéèrè tó ń lé kiri nìyẹn: ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, àbí mò ń tojú bọ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀?

Ìgbà tí màmá mi wà ní ọsibítù ni mo tó rí èyí. Ìwé náà nìkan ló wà nínú báàgì mi, mo ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Màmá àgbàlagbà kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, kò sẹ́ni tó wá kí wọn láti àárọ̀. Fíláàsì ẹ̀kọ wọn wà lórí tábìlì, ọwọ́ wọn kò tó o. Mo ka ojú ìwé kan náà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó yá, mo pa ìwé dé, mo dìde, mo bu ẹ̀kọ fún wọn. Àtọjọ́ náà ni Isabel ti di ẹni tí mo mọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí Botswana lè kúrò létí yín, kí ẹ padà sí ojú ìwé kìíní, kí ẹ má sì dá ẹjọ́ kankan títí ẹ ó fi ka ìwé kejì. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí òǹkọ̀wé yìí kan náà gbé Ulf Varg jáde ní 2019, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Malmö ní Swídìn. Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ bá pàdé ni ti ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ lẹ́yìn orúnkún. Ajá rẹ̀, Martin, di etí, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti máa wo ètè èèyàn mọ ọ̀rọ̀. N kò wá Mma Ramotswe níbẹ̀ rárá, mo sì gbádùn rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́.

Bí ìwé kejì bá tán tí Isabel kò sì tíì wọ̀ yín lára, ẹ fún ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo Grace tó ń bá a tọ́jú ilé, bó ṣe máa ń sọ tẹnu rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹ bá mi wò ó bóyá kò jọ Mma Makutsi wa, akọ̀wé Mma Ramotswe, ẹni tó gba 97 nínú 100 nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ akọ̀wé.