Irin inú itan ìyá yín

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ béèrè ìdí tí ara wọn kò fi kọ irin títéníọ̀mù tí wọ́n fi to egungun itan wọn ní Ṣágámù, nígbà tí ara a máa kọ kíndìnrín ẹlòmíràn. Irin kò ní àmì ẹran ara àjèjì tí àwọn ọmọ-ogun ara fi ń dá kíndìnrín mọ̀. Wọn a kàn ṣù bò ó, bí wọn kò bá sì rí i jẹ, ara a fi awọ bíi àpá yí i ká. Ti títéníọ̀mù tilẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ́síjìn dá sí ojú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó dípẹtà, egungun a sì hù mọ́ ọn. Lára ehoro ni Brånemark, onímọ̀ ìṣègùn kan, ti kíyè sí i ní Sweden: ó fẹ́ yọ títéníọ̀mù tó fi sínú egungun ehoro náà, kò yọ! Bí ojú abẹ ìyá bá wá ń ṣọyún, kì í ṣe pé ara kọ irin náà, kòkòrò ló wọ ojú abẹ náà. Ẹ tètè gbé wọn padà sọ́dọ̀ dókítà.