Kí ni ìtumọ̀ "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ"?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ṣèwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ bi ìyá àgbà kan pé, "Ọmọ mélòó ni ẹ bí, mà?" Ìyá náà dáhùn pé, "Wọn kò kéré, Ọlọ́run ló ni wọ́n." Akẹ́kọ̀ọ́ náà wá bi mí pé kí ló dé tí ìyá kò dárúkọ iye kan, àti pé irú dátà wo (ìyẹn ìsọfúnni tí a kó jọ fún ìwádìí, kì í ṣe ti fóònù o) ni òun lè pe ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Àṣà tí òwe náà ń sọ ni: a kì í ka iye ọmọ tí ẹlòmíràn bí. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ẹni tí ó bá ń ka ọmọ ní gbangba ń ṣí wọn sílẹ̀ fún ojú burúkú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó ti kú, tí ìyá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun létí rẹ̀, lè wà láàrin àwọn tí a fẹ́ kà. Kì í ṣe pé Yorùbá ń sá fún ìṣirò: àwọn tí wọ́n ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́ dé ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000, kò bẹ̀rù iye. Kí a máa ka ènìyàn bí ẹni ń ka ẹyọ ni wọ́n kọ̀.

Ní ti dátà, oríṣi méjì ni, èdè wa sì ti pààlà wọn fúnra rẹ̀. "Mélòó" àti "èló" ń béèrè dátà oníye, èyí tí a lè rò pọ̀, tí a lè yọ nínú ara wọn, tí a sì lè pín. "Irú wo" àti "báwo" ń béèrè dátà alápèjúwe, tí ń sọ bí nǹkan ti rí. Máńgòrò mẹ́wàá, oníye ni. Pé ó dùn, alápèjúwe ni. Nọ́ńbà fóònù ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí nọ́ńbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ro ti ènìyàn méjì pọ̀, kò sí ohun tí ó jásí; alápèjúwe ni òun náà.

Ìbéèrè oníye ni akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé wá. Ìdáhùn alápèjúwe ni ó gbà. Kò gbọdọ̀ kọ òdo síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fojú dá márùn-ún. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìyá bí wọ́n ti sọ ọ́. Bí ó bá padà ka iye àwọn ìyá tí wọ́n fèsì báyìí, ó ti ní dátà oníye, àmọ́ nípa àṣà ni, kì í ṣe nípa ọmọ.

Bí ó bá sì nílò iye náà dandan, kí ó bi wọ́n pé, "Kí ni orúkọ àwọn ọmọ yín, mà?" Wọn yóò máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì kà wọ́n nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó bá délé.